Ẹ̀ẹ̀kan Ṣoṣo Ni Mo Rọ Bàbá Mi

Pọ́ùn méjìlá ni. Mo fẹ́ kí ẹ mọ iye rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé òkè ńlá kan ló dí mi lọ́nà. Pọ́ùn méjìlá fún ọta mẹ́wàá, lórí pápá kan lẹ́yìn Stockport, níbi tí àwọn òyìnbó ti ń fi ìbọn fọ́ àwo amọ̀ pẹlẹbẹ lójú òfúrufú, tí wọ́n sì ń gba ẹnikẹ́ni tó bá sanwó láyè kí ó wá gbìyànjú. Owó náà wà nínú àkáǹtì mi. Káàdì tí mo fẹ́ fi san án wà lọ́wọ́ mi. Síbẹ̀ bàbá mi kò yìnbọn lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹlòmíràn tí mo lè dá lẹ́bi.

Ọdẹ ni bàbá mi. Kì í ṣe irú ọdẹ tó ń ṣọ́ géètì olówó ní ìgboro o. Ọdẹ inú igbó ni wọ́n, ní apá Òkè-Ògùn, ẹni tó lè wo ojú ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀ kí ó sọ fún ọ pé ìgalà ni, abo ni, kò sì tíì jìnnà. Nígbà tí wọ́n wá kí mi ní Manchester, wọ́n ti lé díẹ̀ ní àádọ́rin ọdún, ó sì ti tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti fọwọ́ kan ìbọn gbẹ̀yìn. Ojú ló fà á. Dókítà nílé ti sọ pé àìsàn tó wà nínú ojú ọ̀tún wọn kò gbóògùn mọ́, pé yóò máa ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kú, àti pé ojú òsì náà yóò tẹ̀ lé e. Ojú ọ̀tún yìí sì ni wọ́n fi ń wo ẹnu ìbọn láti kékeré. Nítorí náà wọ́n fa ṣakabùlà wọn lé àbúrò wọn lọ́wọ́, wọ́n sì jókòó sílé.

Wọn kò ráhùn. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, bí a ti ń jẹun, wọ́n kàn sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò.

"Ohun kan ló kù tó wù mí. Ó wù mí kí n yìnbọn lẹ́ẹ̀kan sí i kí ojú yìí tó kú tán."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, ní Manchester? Ọlọ́pàá á kó tèmi tiyín." Àwọn náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bu òkèlè mìíràn.

Fláàtì mi wà ní Hulme, ní àjà kẹta, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí pápá kékeré kan tí àwọn ẹyẹlé máa ń kóra jọ sí. Bàbá á gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé láàárọ̀, wọ́n á máa wo àwọn ẹyẹ náà. "Wo bí wọ́n ṣe sanra," ni wọ́n á wí. "Ta ni wọ́n ń sanra dè?" Lọ́jọ́ tí mo mú wọn rìn lọ sí etí kànáàlì, tí pẹ́pẹ́yẹ ńlá kan sì gba iwájú wa kọjá láìwo ẹnikẹ́ni lójú, bàbá dúró, wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n ní ẹran tó bá lè rìn báyìí láàrin èèyàn, ó yẹ kí a kí i.

Iṣẹ́ kérà ni mò ń ṣe. Mò ń lọ láti ilé dé ilé ní Stockport, mò ń wẹ̀ fún àwọn arúgbó, mò ń fún wọn lóògùn, mò ń po tíì wọn. Nílé ọ̀kan nínú wọn, bàbá òyìnbó kan tó máa ń yìnbọn nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, ni mo ti rí ìwé ìpolówó kan lórí tábìlì. Ìpàtẹ ìbọn ni, ọjọ́ méjì ni wọn yóò fi ṣe é, gbogbo èèyàn ló sì lè wá. Àwòrán ọkùnrin kan tó gbé ìbọn sí èjìká wà lójú ìwé náà, wọ́n sì kọ Have a go, ẹ wá gbìyànjú, sí abẹ́ rẹ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ bàbá mi ti dé ibi tó ń lọ.

Lọ́jọ́ náà gan-an, mo bi bàbá òyìnbó yẹn bóyá kí n wẹ̀ fún un. Ó ní rárá. Mo ní kò burú, mo mú fóònù iṣẹ́, mo tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo síbẹ̀: declined, pé ó kọ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, obìnrin tó kọ́ wa sọ ọ́ lásọtúnsọ pé bí ẹni tí à ń tọ́jú bá sọ pé rárá, rárá ni, kí a má rọ̀ ọ́, kí a má fa ọ̀rọ̀ gùn, pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ó pẹ́ kí ó tó mọ́ mi lára. Nígbà tó wá mọ́ mi lára, ó wọ inú egungun.

Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì torí ó dín sí ti ẹnu géètì. Oríṣiríṣi owó ló wà níbẹ̀: ti ẹni tó ti dàgbà bíi tèmi, ti ẹni tó ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́rin, ti tìyá-tọmọ pa pọ̀, ti àwọn ọmọdé sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ pé bí ẹnì kan bá jẹ́ kérà fún aláìlera tó bá a wá, kò ní san nǹkan kan. Mo kà á, mo sì kọjá lórí rẹ̀. Mò ń ṣe kérà fún gbogbo ayé, kò wá sí mi lọ́kàn pé mo lè jẹ́ kérà fún bàbá mi. Mo san owó odindi fún ara mi, mo san ti àgbà fún wọn, mo sì gbà pé owó yẹn ti ká gbogbo rẹ̀, àtiwọlé àti ìbọn.

Nínú ọkọ̀ ojú irin láti Piccadilly ni mo ti ṣàlàyé owó náà fún bàbá.

"Kí ló dé tí tèmi fi dín sí tìrẹ?"

"Torí ẹ ti dàgbà ni, bàbá."

"Kí wọ́n dín owó fún mi torí mo dàgbà?" Wọ́n mi orí. "Nílùú wa, torí mo dàgbà ni mo ṣe ń san jù." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin òyìnbó tó jókòó kọjú sí wa fi gbé ojú kúrò lórí fóònù rẹ̀. Inú wọn dùn lọ́jọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, kí n má gbàgbé láti kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ti wẹ̀ kí n tó jí. Wọ́n wọ bùbá àti ṣòkòtò aláwọ̀ ilẹ̀, wọ́n ní èèyàn kì í wọ funfun lọ síbi ìbọn.

A kò tíì rí pápá náà tí a ti ń gbọ́ ọ. Pò, pò, bí ẹni ń pa ilẹ̀kùn dé nílé ẹlẹ́nìkejì. Bàbá dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n yí etí síbẹ̀. Wọ́n ní ìbọn yẹn ò pariwo tó.

Ìdajì ọjà ni ibẹ̀, ìdajì eré. Àwọn kan ń ta bàtà òjò, àwọn kan ń ta ọ̀bẹ, àwọn kan ń ta oúnjẹ ajá, ìlà àwọn tó fẹ́ ra bọ́gà sì gùn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn ìbọn títà wà lórí igi, wọ́n fi ṣéènì so wọ́n mọ́ra. Bàbá na ìka kan sí ìdí ọ̀kan tó jẹ́ igi dídán, wọ́n ní kí n ka iye rẹ̀. Mo kà á. Mo ṣírò rẹ̀ sí náírà fún wọn. Wọ́n fa ọwọ́ kúrò jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ṣèèṣì fọwọ́ kan ọmọ ọlọ́mọ.

Atẹ́gùn tó ń fẹ́ lórí pápá yẹn kò mọ àgbà. Mo rí i pé òtútù ti ń mú bàbá létí, mo sì mú wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta fìlà. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́. Mo rọ̀ wọ́n. Wọ́n ní fìlà àwọn ti tó. Mo tún rọ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n má ṣèyọnu. Mo san pọ́ùn méjìdínlógún, mo sì fi fìlà náà bò wọ́n lórí fúnra mi. Nígbà tí mo bá rántí ọjọ́ yẹn, fìlà yìí ló máa ń dùn mí jù, torí ó fi hàn pé mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Òórùn ló mú wọn dé ibi ìbọn. Èmi ṣì ń wá ọ̀nà lórí àwòrán tí wọ́n fún wa lẹ́nu géètì nígbà tí bàbá ti yà sí ọwọ́ òsì. "Ẹ̀tù," ni wọ́n wí, wọ́n sì fa imú. "Òórùn rẹ̀ ò yàtọ̀." Okùn kan ni wọ́n fi pààlà. Lẹ́yìn okùn náà, àwọn oníbọn dúró lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú olùkọ́ wọn, wọ́n fi nǹkan bo etí, ìbọn ẹlẹ́nu méjì wà léjìká wọn. Bí ẹnì kan bá ké, ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ yóò ju àwo amọ̀ kékeré kan sókè, àwo náà yóò fò gba ojú sánmà kọjá, oníbọn yóò sì gbìyànjú láti fọ́ ọ kí ó tó balẹ̀.

Bàbá kọ́kọ́ ṣàáta wọn. "Ta ní ń fi ẹ̀tù ṣòfò sórí ohun tí kò ṣeé jẹ?" Lẹ́yìn àwo bíi mẹ́ta, wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn márùn-ún, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹnu. Wọ́n ní bí àparò ṣe ń dìde nínú koríko gan-an nìyẹn, pé èèyàn kì í yìn ín síbi tó wà, ibi tó ń lọ ni wọ́n ń yìn ín sí. Kí oníbọn tó yìn ni wọ́n á ti sọ ọ́. "Ó ti pẹ́." Pò. Àwo á fò lọ. "Ó yára." Pò. Àwo á fò lọ. "Ẹ̀n-ẹ́n, èyí mọ̀ ọ́n." Pò, àwo á sì di eruku. Wọn kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Èjìká ọ̀tún wọn ń gbéra fúnra rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí àwo bá fò.

Ọmọbìnrin òyìnbó kan tó wọ ẹ̀wù pupa, tó ń kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ yìn, rí èjìká yẹn. Ó rẹ́rìn-ín sí bàbá.

"Would you like a go, sir? Twelve pounds, ten shots."

Bàbá yí sí mi. "Owó rẹ̀ lọ́tọ̀ ni?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, bàbá."

"Yàtọ̀ sí èyí tí a san ká tó wọlé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Wọ́n yí padà sí ọmọbìnrin náà, wọ́n fi ọwọ́ lé àyà, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "No, no. Thank you. Don't worry."

"No worries," ni ọmọbìnrin náà wí, ó sì kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Kò ṣe ohun tó burú. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn.

"Bàbá, ṣé ẹ ò ní ṣe é ni?" ni mo bi wọ́n.

"Fi owó rẹ sílẹ̀. Mo ti fojú rí i, ó ti tó."

"Ó dáa, bàbá."

Mo sì ti káàdì bọ àpò. Kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá ti mú fóònù iṣẹ́ dání ni, ǹ bá ti tẹ declined síbẹ̀.

Bàbá kò kúrò nídìí okùn. Mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ wòran díẹ̀ sí i ni. Wọ́n wo ìlà àwọn tó ń dúró, wọ́n wò mí, wọ́n tún wo ìlà náà.

"Ìlà yẹn ò gùn," ni wọ́n wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, kò gùn," ni mo dáhùn.

Ẹ wo irú ọ̀dẹ̀ tí mo jẹ́. Ẹni tó tọ́ mi, tó kọ́ mi ní gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀, dúró síwájú mi, ó ń bẹ̀ mí ní ọ̀nà kan ṣoṣo tí àgbà fi lè bẹ ọmọ, èmi sì ń bá a sọ̀rọ̀ bóyá ìlà gùn tàbí kò gùn. A dúró bẹ́ẹ̀ fún àwo bíi mẹ́fà sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ká máa lọ.

N kò ní parọ́ pé n kò rò ó rárá. Mo rò ó. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo ti ṣiṣẹ́ láìsinmi kí ọjọ́ náà tó dé, ẹsẹ̀ mi wú, mo sì ti san owó tíkẹ́ẹ̀tì, owó ọkọ̀ ojú irin, owó fìlà. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, bó bá ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Èmi ro ìyà tí mo fi wá pọ́ùn méjìlá. Nígbà tí bàbá sọ pé àwọn ò fẹ́, nǹkan kan fúyẹ́ nínú mi, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún gbé e padà lé mi lórí. Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ló fún mi ní àwáwí, ìwà ahun mi ló sì gbà á.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà, bàbá sọ̀rọ̀ nípa ajá, nípa bàtà òjò, nípa bọ́gà tí wọ́n ní ó dà bíi pé wọ́n gbàgbé láti fi ata sí i. Nípa ìbọn, ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi mí.

"Ṣé ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ẹ ó tún wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n gbé orí lé dígí fèrèsé, wọ́n sì sùn títí a fi dé Piccadilly. Oṣù kan lẹ́yìn náà, mo sìn wọ́n lọ sí pápákọ̀ òfúrufú, wọ́n padà sílé.

Ó tó oṣù mẹ́rin kí ó tó yé mi. Ní ọ́fíìsì wa ni, lákòókò ìsinmi ọ̀sán. Ọmọ Nàìjíríà kan wà láàrin wa tí wọ́n bí síbí, ọmọ dáadáa, tó máa ń pè mí ní auntie. Ìyá rẹ̀ ti se ìrẹsì, ó gbé e wá nínú kúlà, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá.

"Auntie, d'you want some jollof? Mum's made loads."

"Ah, má ṣèyọnu, jàre. I'm fine."

"Okay, no worries." Ó sì pa kúlà dé.

N kò tíì jẹun láti àárọ̀. Itọ́ ti kún ẹnu mi. Mo dúró bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀, mò ń retí kí ó tún ọ̀rọ̀ sọ, ọmọ náà sì ti ń wo fóònù rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Inú bí mi. Mò ń kùn lọ síbi tí a ti ń fọ ife: irú ẹ̀kọ́ ilé wo rèé, ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fún àgbà lóúnjẹ, ṣé ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn ń rọ ẹni tó jù ú lọ? Mo ṣí omi ẹ̀rọ. Ọwọ́ mi wá dúró lórí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn ń rọ ẹni tó jù ú lọ. Èmi ni mo sọ ọ́, bàbá mi ni mo sì rí.

Torí àwọn gan-an ló kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ yẹn. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí ọdẹ kan láti abúlé kejì wá kí wọn nígbà tí a ń jẹun. Mo ní, "Ẹ wá jẹun, sà." Ó ní òun ti yó. Mo bá gbé àwo kúrò nílẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, bàbá pè mí. Wọn kò nà mí. Wọ́n ní ìpè èkíní ni àgbà fi ń wò bóyá oúnjẹ tó, èkejì ni ó fi ń wò bóyá inú ẹni tó pè é dùn sí i, ẹ̀kẹta ni yóò wá fọ ọwọ́. Wọ́n ní ebi ń pa ọkùnrin yẹn, mo sì ti dójú ti àwọn àti àlejò àwọn.

Mo pa omi ẹ̀rọ, mo jáde síta, mo sunkún nínú páàkì ọkọ̀ láàrin àwọn mọ́tò àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi. Àwọn kan rí mi. Wọ́n bi mí bóyá mo wà dáadáa, mo ní mo wà dáadáa, wọ́n sì lọ.

Mo pe bàbá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi."

"Kí lo ṣe?"

"Ọ̀rọ̀ ìbọn ọjọ́sí. Mi ò rọ̀ yín tó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́? Mo ní mo ti fojú rí i."

"Ẹ padà wá lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Màá san ogún ọta fún yín. Màá san ọgbọ̀n."

"Ojú ọ̀tún ti lọ," ni wọ́n wí, bí ẹni tó ń sọ fún mi pé ata ti tán nílé. "Láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ti òsì náà, àwọsánmà ló kù níbẹ̀. Má da ara rẹ láàmú." Wọ́n béèrè bóyá òtútù ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Nígbà tí mo gba ìsinmi lọ sílé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bàbá ò ríran mọ́ rárá. Wọ́n mọ ẹsẹ̀ mi kí n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n di ọwọ́ mi mú pẹ́, wọ́n fi àtàǹpàkò wọn tẹ ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní mo ti rù. Mo ti ṣètò lọ́kàn mi pé èmi yóò tún bẹ̀ wọ́n lójúkojú. N kò ráyè. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, àbúrò bàbá mi dé, àti ọdẹ àgbà méjì mìíràn. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n jókòó yí bàbá ká lábẹ́ igi ọsàn, wọ́n sì ní kí n má tíì wọlé.

"Ọmọ wa, o ṣeun," ni àbúrò bàbá mi wí. "Ohun tí o ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́hùn-ún, ọmọ tìrẹ náà yóò ṣe é fún ọ."

Mo fẹ́ béèrè ohun tí mo ṣe. Kò jẹ́ kí n béèrè.

"Ìbọn ẹlẹ́nu méjì! Kí o sanwó fún òyìnbó, kí wọ́n kó ọta lé bàbá rẹ lọ́wọ́, kí wọ́n máa ju àwo sókè fún un! Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ọ́ fún wa tó ìgbà ogún. Wọ́n ní àwọn òyìnbó dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó yí sí àwọn méjì yòókù. "Àmọ́ ẹ mọ̀ pé ọdẹ kì í ní ẹlẹ́rìí nínú igbó. Ohun tó bá sọ náà la máa gbà. Eléyìí ní ẹlẹ́rìí. Ìwọ wà níbẹ̀. Sọ fún wa bó ṣe rí."

Mo wo bàbá mi. Wọ́n kọjú síbi tí ohùn àbúrò wọn ti ń wá, ojú wọn là, kò sì rí nǹkan kan. Wọn kò sọ fún mi pé kí n sọ ọ́, wọn kò sì sọ pé kí n má sọ ọ́. Gbogbo oṣù wọ̀nyẹn tí mo fi ń sunkún ara mi ní Hulme, wọ́n ti ń fi orúkọ mi yangàn láàrin àwọn ẹgbẹ́ wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé wọ́n bímọ kan tó mú wọn dé ìdí ìbọn tí kò sì rọ̀ wọ́n.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Mo ní wọ́n kọ́kọ́ fi nǹkan bo etí bàbá. Mo ní olùkọ́ òyìnbó fẹ́ fi bí wọ́n ṣe ń gbé ìbọn hàn wọ́n, ó sì rí i pé kò pọn dandan. Mo ní ẹ̀rọ ju àwo sókè, ó fò bí àparò, bàbá kò sì yìn ín síbi tó wà, ibi tó ń lọ ni wọ́n yìn ín sí. Àwọn ọdẹ méjèèjì pariwo. Mo ní eruku amọ̀ kún ojú sánmà, mo ní àwọn tó ń jẹ bọ́gà gbé e sílẹ̀, wọ́n wá wòran. N kò lè dúró mọ́.

"Mélòó ni wọ́n bà?" ni àbúrò bàbá mi bi mí.

"Mẹ́wàá ni wọ́n jù. Mẹ́sàn-án ni bàbá bà."

"Mẹ́jọ ni," ni bàbá wí.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọdẹ tó ń bu ẹran ara rẹ̀ kù, àwọn ò rírú ẹ̀ rí.

"Ẹ má bínú, bàbá. Mẹ́jọ ni."

"Kò sí wàhálà," ni wọ́n wí, wọ́n sì na ọwọ́ síwájú títí wọ́n fi kan orí mi. "Méjì àkọ́kọ́ ni mo pàdánù. Mi ò tíì mọ ìbọn wọn nígbà yẹn."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo rí i.